Aṣọ Ìkọ́ṣẹ́

Olùfẹ́, jókòó tì mí díẹ̀ ní òwúrọ̀ yìí. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ bọ̀ lẹ́yìn àpáta Olúmọ, àkùkọ ilé kejì kò tíì dákẹ́, mo sì tẹ́ aṣọ kékeré kan sórí itan mi. Kò gùn ju apá mi lọ, láti ìgúnpá dé orí ìka. Aró ara rẹ̀ ti ṣá. Etí rẹ̀ kan ti gbó. Bí o bá rí i níbi tí wọ́n sá a sí, o lè rò pé àkísà ìdáná ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ni ín, àwọn tí gbogbo agbo ilé wa ní Òwu, ní Abẹ́òkúta níbí, ń pè ní Ìyá Àgbà. Wọn kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí wọ́n rán an. Aláró ni ìyá tó bí wọn. Òun ló já aṣọ funfun lé wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, tó ní kí wọ́n jókòó sẹ́bàá ìkòkò aró kí wọ́n máa kọ́ àdìrẹ alábẹ́rẹ́. Aṣọ yìí kì í ṣe ìró, kì í ṣe gèlè, kò sí ẹni tó ní in lọ́kàn láti ró o lọ sóde. Aṣọ ìkọ́ṣẹ́ ni.

Mo fẹ́ kí èmi pẹ̀lú rẹ jọ wò ó.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwa obìnrin mélòó kan máa ń péjọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àgbà. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló kó wa jọ. Ẹnì kan á máa ṣẹ́tí aṣọ ọmọ, ẹnì kan á máa di ìko, ẹlòmíràn á kàn jókòó nítorí pé ilé rẹ̀ ti dákẹ́ jù. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan báyìí, iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú wa ló gbà wá lọ́kàn. Oníkálukú ń lọ tú ìsàlẹ̀ àpótí ìyá rẹ̀, ohun tó bá rí níbẹ̀ ló ń gbé wá.

Ìbá wù mí kí o wà níbẹ̀. Ẹnì kan gbé oṣùbámbà wá, àdìrẹ oníko, òṣùpá ńlá kan láàrin àwọn òṣùpá wẹ́wẹ́. Ẹnì kan gbé eléso wá, irú èyí tí wọ́n máa ń fi hóró èso sínú aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dì í, tí ojú aṣọ náà á sì dà bí ojú ọ̀run lóru ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹnì kan tó ti gbé Ìbàdàn rí mú Ìbàdàndùn wá, ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ọwọ́ ya, pẹ̀lú àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929. A rí Olókun. A rí èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935, tó ti ya lójú àgbékà. Ìyá kan sì mú pẹlẹbẹ páànù kan wá nínú ọ̀rá, ó ti dípẹtà, ihò ara rẹ̀ ṣì hàn: bátànì ni. Ọkùnrin ló ń gé e, obìnrin ló ń gba ojú ihò rẹ̀ fi ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Òyìnbó ló ni ọ̀rọ̀ náà, bátànì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Abẹ́òkúta tó bẹ́ẹ̀ tí ó ti di ọmọ ilé.

A ń pe orúkọ ọnà wọ̀nyí bí ẹni ń ki ọmọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á pè é, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á tẹ̀ lé e lẹ́nu. Ọwọ́ ni a sì fi ń wò wọ́n jù, kì í ṣe ojú.

Ọjọ́ tí aṣọ kékeré yìí jáde, ó bọ́ láàrin ìró méjì ni. Ìyá Àgbà sáré na ọwọ́ láti gbà á. “Ẹ má wo ìyẹn,” ni wọ́n wí. “Iṣẹ́ ọmọdé ni.”

Ṣùgbọ́n ó ti dé ọwọ́ ẹnì kan, ẹni náà kò sì fẹ́ dá a padà. Ìlà kìíní wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ipa ejò. Ojú abẹ́rẹ́ kan gùn, èkejì kúrú. Níbi tí òwú ti dẹ̀, aró rá wọlé ó sì pa àmì rẹ́. Ìlà kejì ṣe bí ẹni fẹ́ tọ́, ó tún yà. Ní ìlà kẹta, o lè rí ibi tí ọmọ náà ti dáwọ́ dúró, bóyá tí wọ́n rán an níṣẹ́, nítorí pé ọwọ́ tó padà wá kì í ṣe ọwọ́ tó lọ. Ìgbà tó fi máa di ìlà kẹfà, ewé kékeré kan ti yọ, gbogbo iṣan ara rẹ̀ pé.

Aṣọ náà yí ká gbogbo wa. Ó pẹ́ lọ́wọ́ wa ju Olókun lọ, ó pẹ́ ju oṣùbámbà lọ. Àgbàlagbà kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ Ìyá Àgbà fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dúró ní ìlà karùn-ún, ó ní, “Ibí yìí ni ọwọ́ rẹ ti mọ̀ ọ́n.” Ìyá Àgbà kò fèsì. Wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn.

Olùfẹ́, mo mọ̀ pé ìwọ náà ní aṣọ tí o ń sáré gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wò ó. Èmi náà ní. Àdúrà òwúrọ̀ tí oorun gbé lọ kí a tó dé àárín rẹ̀. Sùúrù tí a ṣe ìlérí rẹ̀ níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ó já mọ́ wa lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí omi kò yọ tí ọmọ kò sì rí bàtà rẹ̀ kan. Ìdáríjì tí a rò pé a ti ṣe parí, títí a fi pàdé ẹni náà lójijì ní ọjà Ìtòkú tí àyà wa tún ṣe gìrì.

Ọdún mélòó ni a ti ń rán ìlà kan náà? Ó ṣì ń wọ́.

A máa ń ṣe bí ẹni pé aṣọ tó ti parí nìkan ni Ọlọ́run fẹ́ rí. Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jópà, àwọn opó tó ránṣọ fún kó ẹ̀wù rẹ̀ jáde, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi hàn Pétérù. Ẹ̀wù tó ti parí ni wọ́n fi hàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé Dọ́káàsì náà ní àkọ́rán. Lọ́jọ́ kan ní ìgbà èwe rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì rán ohun kan tí kò tọ́. Kò sí opó kan tó mọ aṣọ yẹn. Olúwa mọ̀ ọ́n.

Ó máa ń tini lójú jù nígbà tí irun bá ti ń funfun tí a ṣì ń kọ́ṣẹ́. Àwọn àgbà wa ní abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí, a sì máa ń bẹ̀rù pé tiwa ti dí ná. Nígbà tí ọkàn mi bá dé ibẹ̀, mo máa ń rántí obìnrin ọlọ́jà kan ní ìlú wa yìí ní àwọn ọdún 1940. Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin kan wà ní Abẹ́òkúta nígbà náà, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ló ṣíwájú wọn, òun tí ìyá tó bí i jẹ́ aránṣọ. Aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. Obìnrin ọlọ́jà náà tọ̀ wọ́n wá pé òun fẹ́ mọ ìwé kà. Kì í ṣe ọmọdé mọ́. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí kíláàsì fún àwọn bíi tirẹ̀. Kí ọdún 1946 tó parí, àwọn ìyáàfin àti àwọn ọlọ́jà ti di ẹgbẹ́ kan náà. Ìwé ìtàn máa ń kánjú dé ibi ìwọ́de tí àwọn obìnrin náà ṣe lórí owó orí ní 1947, ó sì yẹ kí ó dé ibẹ̀. Èmi a máa dúró díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó fi ìgboyà sọ pé, kọ́ mi.

Jẹ́ kí n sọ fún ọ nípa àwọn aṣọ ìkọ́ṣẹ́ mìíràn, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa rán ní ọ̀nà jíjìn.

Àmì ohùn kan ṣoṣo ló wà láàrin Òwu, orúkọ ìlú àwọn bàbá wa, àti òwú tí a fi ń ránṣọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ogun fọ́n àwọn bàbá wa ká bí òwú tí ọyẹ́ fẹ́ lù lóko. Àwọn ọdún 1820 ni Òwu-Ìpólé fọ́. Àwọn kan nínú àwọn tó ṣẹ́kù rìn, wọ́n sinmi, wọ́n tún rìn, títí wọ́n fi dé Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 1834. Àwọn mìíràn bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń ṣòwò ẹrú. Ará Òwu wà níbẹ̀, ará Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, ará Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ lórí òkun, ó sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí Sàró.

Ní abúlé kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Bathurst, àwọn míṣọ́nnárì CMS ní ilé ẹ̀kọ́. Láti àwọn ọdún 1820 títí wọ àwọn ọdún 1840, wọ́n kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní abẹ́rẹ́ bí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìwé. Àní, abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n fi ń kọ ìwé. Ọmọ á jókòó ti aṣọ kékeré kan, á fi òwú to lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, á rán nọ́ḿbà, á rán ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn díẹ̀. Nísàlẹ̀, á rán orúkọ ara rẹ̀ àti ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Wọ́n kó àwọn kan lára aṣọ wọ̀nyí ránṣẹ́ sí àwọn tí ń fowó ṣètìlẹ́yìn ní ìlú Òyìnbó. Díẹ̀ ṣì wà títí di òní. Ẹ̀wù tí àwọn ọmọ náà wọ̀ sọ́rùn ti gbó, ó ti di erùpẹ̀. Èyí tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ ló kù.

Orúkọ ìsàlẹ̀ aṣọ náà ló máa ń dá mi dúró. Àṣà wọn nígbà náà ni pé ẹni tó bá ń san pọ́n-ùn márùn-ún lọ́dún fún ìtọ́jú ọmọ kan lè yan orúkọ tí wọn yóò sọ ọmọ náà. Wò ó ná: ọmọ tí wọ́n ti sọ lórúkọ lọ́jọ́ keje, tí wọ́n ti fi omi àti oyin tọ́ lẹ́nu, tí ìyá-ìyá rẹ̀ ti fún ní oríkì, ó jókòó sórí àpótí ní ilẹ̀ tí kò mọ̀ rí, ó tẹrí ba, ó ń fi abẹ́rẹ́ to orúkọ àlejò kan jọ, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó sì ń gbìyànjú kí ó tọ́.

Orúkọ tí kò sí lórí aṣọ yẹn, Olúwa mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n kí abẹ́rẹ́ tó wọ aṣọ.

Asano wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kó dé Sàró báyìí. Ó kàwé, ó ń jẹ́ Susan, ó di olùkọ́, ó sì fẹ́ ọmọkùnrin kan tó gba ìtúsílẹ̀ bíi tirẹ̀: Àjàyí ará Òṣogùn. Òun náà ti gba orúkọ ẹlòmíràn, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Crowther. Ní 1846, tọkọtaya náà dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Àjàyí rí Afala ìyá rẹ̀, ọdún 25 lẹ́yìn tí ogun já wọn gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti rí. Wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ kò jáde. Omijé ń bọ́ lójú ìyá náà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn orúkọ ilé pè é, àwọn tí wọ́n fi ń pè é nígbà tó wà ní kékeré.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí kò sí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ wọ̀nyẹn lójú rẹ̀. Wọ́n ṣì wà lódidi ní ẹnu ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Afala ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1848, Hánà ni orúkọ tó gbà. Hánà, ìyá Sámúẹ́lì. O rántí ohun tí Hánà inú Bíbélì máa ń ṣe? Ó ti fi ọmọ rẹ̀ fún Olúwa, ọmọ náà ń gbé ní Ṣílò lọ́dọ̀ àlùfáà. Lọ́dọọdún, ìyá rẹ̀ á dá ẹ̀wù kékeré kan, á sì mú un lọ fún un nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ń lọ rúbọ.

Mo ń ránṣọ, olùfẹ́, mo sì mọ ohun tí èyí jẹ́. Ọmọ tí o kò fojú kàn láti èṣí, báwo ni o ṣe máa wọn apá rẹ̀? Hánà á jókòó sílé, á fọkàn gbé ọmọ náà dìde. Yóò ti ga dé ibí báyìí. Èjìká rẹ̀ yóò ti fẹ̀. Á fi ìbú ìka méjì kún apá, á fi àyè sílẹ̀ nínú ìṣẹ́tí bí ó bá lọ ṣe pé ọmọ náà tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀wù yẹn, àárò ni.

Afala kò ní Ṣílò tí ì bá máa gbé ẹ̀wù lọ. Fún ọdún 25, kò sí ibi tí ó lè fi aṣọ ránṣẹ́ sí. Ẹnì kan ṣáà ń wọn Àjàyí ní gbogbo ìgbà yẹn, Ó ń fi aṣọ bò ó, Ó mọ bí ó ti ga tó.

Bóyá ìwọ náà ní ọmọ kan tí o ń wọn láti òkèèrè. Ó lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lè wà ní Houston. Ó lè wà ní Èkó níbí, tí kò ju ìrìn àárọ̀ kan lọ, ṣùgbọ́n tí kì í gbé fóònù. O kò mọ ohun tó ń jẹ. O kò mọ ẹni tó ń bá rìn. O ń fi ìbú ìka méjì kún àdúrà rẹ lálaalẹ́, o ń fi àyè sílẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé asán ni o ń rán.

Jẹ́ kí a padà sórí aṣọ tó wà lórí itan mi.

Orúkọ àdìrẹ ti sọ ara rẹ̀: à ń dì í, à ń rẹ ẹ́. Nínú alábẹ́rẹ́, o máa ká aṣọ, o máa gán an bí ọnà tí o fẹ́ ti rí, lẹ́yìn náà o máa fa òwú títí aṣọ á fi kákò bí ojú arúgbó. Kò lẹ́wà rárá ní àkókò yẹn. Ó ṣù pọ̀, ó le, ó dà bí ohun tí ẹnì kan fún jù sílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè wò ó kí ó mọ̀ pé ewé ló wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìkòkò. Láyé ìyá tó bí Ìyá Àgbà, ewé èlú ni aró: a gún un, a mọ ọ́n ní ìṣù, a sá a, a sẹ́ omi eérú, a pa wọ́n pọ̀ nínú ìkòkò, a sì fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ mélòó kan kí ó kan. Bí o bá kánjú, aró kò ní í mú. Nígbà tí aṣọ kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀, àwọ̀ ewé ló máa ní. Afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di aró lójú rẹ, díẹ̀díẹ̀. A ó sì tún rì í. A ó tún na án sáfẹ́fẹ́. A ó tún rì í.

Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí owó wọ́n ní gbogbo ayé, àwọn aláró kan ní ìlú wa bẹ̀rẹ̀ sí lo sódà líle àti aró tí òyìnbó ṣe, kí iṣẹ́ lè yá. Àwọn kan ń ráhùn pé sódà ń jẹ aṣọ. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè é, àwọn obìnrin náà kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì le títí wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. N kò lè nàka sí wọn. Mo mọ ohun tí ọjà tí kò tà máa ń ṣe fún ìyá ọlọ́mọ. Àdúrà tèmi náà ti ní sódà nínú rí: mo fẹ́ kí ó mú lónìí, mo fẹ́ kí ó dúdú kí alẹ́ tó lẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o rí rèé. Ibi tí òwú ti di aṣọ mú pinpin ni aró kò lè dé. Ibẹ̀ ló funfun. Ibẹ̀ ni ọnà wà. Ibi tó tẹ́jú, tó rọrùn, tí ohunkóhun kò dì, aró gbà á pátá.

Àwọn ibì kan wà nínú ayé rẹ tó dà bí ẹni pé Olúwa fà á pọ̀ jù. O ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Un lóru, mo mọ̀. N kò ní sọ fún ọ pé kò dùn ọ́. Aṣọ tó wà nínú ìdì kò lè rí ojú ara rẹ̀, n kò sì retí kí o rí i lónìí. Mo kàn ń jókòó tì ọ́ ni, nítorí èmi náà wà nínú ìdì, mo sì ti ń gbàdúrà yìí láti ọjọ́ mélòó kan: Olúwa, bí aró kò bá tíì mú, má tíì tú mi. Ó máa ń gba pé kí n mí kanlẹ̀ kí n tó lè sọ gbólóhùn kejì.

Títú ló sì le jù nínú iṣẹ́ náà. Òwú tó dì í ti mu aró, ó ti dúdú bí aṣọ fúnra rẹ̀. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Orí réésà ni a fi ń wá a, kí a ki í bọ abẹ́ òwú, kí a gé òwú kí a má gé aṣọ.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ fi réésà lé mi lọ́wọ́. Aṣọ tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì gán ni. Ọnà ti ń yọ lábẹ́ ọwọ́ mi, ìlà funfun kan, ìlà funfun kejì, ayọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé mi sáré. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ìró kékeré kan, bí ẹni ya ewé. Nígbà tí mo na aṣọ náà, ìka mi yọ sí òdìkejì.

Mo ká a jọ. Mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo lọ ń fọ àwo tí kò dọ̀tí.

Wọn kò pè mí fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí mo padà wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ náà wà lórí itan wọn, abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Òwú funfun ni wọ́n fi ń dí ojú ihò náà, ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké, wọ́n sún mọ́ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè kà wọ́n. Wọn kò gbójú sókè. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n dìde, wọ́n sì rì í padà sínú ìkòkò pẹ̀lú gbogbo ibi tí kò tíì tú. A jọ dúró tì í. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, àwọ̀ ewé ni òwú funfun náà ní, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ di aró níṣojú mi, òun àti aṣọ tó yí i ká.

Wọ́n na aṣọ náà sórí okùn kí omi ró lára rẹ̀. Wọ́n mú réésà náà nílẹ̀ níbi tí mo jù ú sí, wọ́n fi etí ìró wọn nù ún, wọ́n sì nà án sí mi.

“Ìlà mẹ́ta ló kù,” ni wọ́n wí. “Rọra.”